Alberto Burri: Láti Àpò Ìdọ̀họ dé Àwókù Gibellina

Ìlú Città di Castello, ní orílẹ̀-èdè Ítálì, ni wọ́n ti bí Alberto Burri ní ọdún 1915. Iṣẹ́ ìṣègùn ni ó kọ́. Dókítà ológun ni nígbà tí ọwọ́ ọ̀tá tẹ̀ ẹ́ ní Tùnísíà ní 1943. Àgọ́ ìgbèkùn tó wà ní Hereford, ìpínlẹ̀ Texas, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán. Ó padà sílé ní 1946, ṣùgbọ́n kò padà sídìí ìṣègùn mọ́.

Dípò kí ó ya ènìyàn tàbí ẹranko, àkísà àpò ìdọ̀họ ni ó ń rán pọ̀. Nígbà tó yá, ó ń fi iná jó igi àti ọ̀rá. Ọ̀pọ̀ aṣelámèyítọ́ ka àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí sí egbò tí dókítà ń rán. Burri kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan ṣe rí àti bí a ṣe tò ó ni kókó lójú tirẹ̀.

Gibellina ni ó dán èrò yìí wò. Ìmìtìtì ilẹ̀ pa ìlú náà run ní Sicily ní 1968. Láti 1984 sí 1989, wọ́n da sìmẹ́ǹtì funfun bo àwókù rẹ̀ bí Burri ṣe là á sílẹ̀. Ọ̀nà tóóró tó là á kọjá sì ń tọ ipa òpópónà àtijọ́. Ọdún 2015 ni wọ́n tó parí rẹ̀, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. A lè gba ọ̀rọ̀ Burri gbọ́ lórí àpò, nítorí àpò kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ilé àwọn ènìyàn ni ó wà lábẹ́ sìmẹ́ǹtì Gibellina. Ìtàn wọn kò ṣeé yọ kúrò nínú iṣẹ́ náà.