Ojú Irin Illinois Central: Ọ̀nà Ọlọ́rọ̀, Ọ̀nà Ọ̀gẹ̀dẹ̀, Ọ̀nà Àwọn Tí Ń Wá Òmìnira

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ojú irin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí ó la ilẹ̀ náà já láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn ni àwọn òpìtàn sábà máa ń mẹ́nu bà. Ti Illinois Central yàtọ̀. Láti àríwá sí gúúsù ni ó gbà, láti ìlú Chicago dé New Orleans, tí í ṣe 921 máìlì. Láàárín ìlú méjèèjì yìí ni ààlà kan wà: bí ọkọ̀ bá ti kọjá rẹ̀ sí gúúsù, òfin ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ojú irin yìí jẹ́ fún àwọn ènìyàn, kí ó wo irú ọkọ̀ tí ó ń rìn lórí rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n gbà láàyè láti jókòó nínú wọn.

Ilẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1850, Sẹ́nétọ̀ Stephen Douglas wà lára àwọn tí ó jà fitafita kí ìjọba àpapọ̀ tó fi ilẹ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ éékà sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1851 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ń ta ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀, ó sì ń fi owó rẹ̀ tẹ́ irin. Nígbà tí iṣẹ́ parí ní ọdún 1856, ojú irin náà gùn tó 705 máìlì, kò sì sí èyí tí ó gùn tó o lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ní gbogbo àgbáyé nígbà náà. Agbẹjọ́rò kan tí ó ń bá wọn rojọ́ ní láti pe àwọn fúnra wọn lẹ́jọ́ ní ọdún 1857 kí ó tó rí owó iṣẹ́ rẹ̀ gbà, 5,000 dọ́là. Abraham Lincoln ni agbẹjọ́rò náà, ẹni tí ó di Ààrẹ ní ọdún 1861.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ilé-iṣẹ́ náà gba àwọn ojú irin gúúsù mọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n irin gúúsù fẹ̀ ju ti àríwá lọ, ọkọ̀ kan náà kò sì lè rìn lórí méjèèjì. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1881, àwọn òṣìṣẹ́ tú irin gúúsù, wọ́n sì sún un pọ̀ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Odò Ohio ni ó wá kù. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá rẹ̀ ní ìlú Cairo, títí wọ́n fi ṣí afárá ńlá ibẹ̀ ní ọdún 1889.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ orúkọ Casey Jones, awakọ̀ Illinois Central tí ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù Ìgbé ọdún 1900, nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ kọ lu ọkọ̀ ẹrù nítòsí Vaughan ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Ó sọ fún Sim Webb tí ń kó èédú síná kí ó bẹ́ sílẹ̀. Webb bẹ́, ó sì yè. Aláwọ̀ dúdú ni Webb. Aláwọ̀ dúdú náà ni Wallace Saunders, ẹni tí ń nu ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, tí ó kọ́kọ́ fi ikú Jones ṣe orin. Nígbà tí wọ́n tẹ orin náà jáde ní ọdún 1909, orúkọ àwọn ẹlòmíràn ni ó wà lórí rẹ̀.

Ní ọdún 1911 ni Panama Limited bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ọkọ̀ àwọn ọlọ́lá. Wọ́n fi odò àtọwọ́dá Panama tí wọ́n ń gbẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà sọ ọ́ lórúkọ. Láti ọdún 1916, yàrá ibùsùn nìkan ni ó ń fà. Ẹni tí kò bá lè san owó ibùsùn kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Àwọn ọkùnrin dúdú ni ó ń tẹ́ ibùsùn náà, tí ń ru ẹrù, tí ń nu bàtà.

Ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, síbẹ̀ àwọn ọkọ̀ ẹrù mìíràn a máa yà fún un lójú irin. Láti Honduras, Guatemala àti Costa Rica ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wá sí New Orleans, ní tútù. Iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí òtútù bá pọ̀ jù, èèpo rẹ̀ a dúdú; bí ooru bá pọ̀ jù, a pọ́n kí ó tó dé ọjà. Nǹkan bí ìwọ̀n 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó fẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń da yìnyín sí orí méjèèjì wágọ̀nù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n sì ń gbé ààrò kékeré sínú rẹ̀ nígbà òtútù. Àwọn olùṣọ́ a máa bá ọkọ̀ náà rìn láti wo ìwọ̀n ooru, kí wọ́n lè ṣí fèrèsé atẹ́gùn tàbí kí wọ́n pa á dé. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ọkọ̀ bá dé Fulton ní ìpínlẹ̀ Kentucky, wọ́n a tún yìnyín dà sí i, wọ́n a sì pín àwọn wágọ̀nù sí oríṣiríṣi ìlú. Òkìkí Fulton kàn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1963.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ibi tí àwọn ènìyàn dúdú ń jókòó sí. Ní ọdún 1890, ìjọba Louisiana ṣòfin pé kọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ dá yàtọ̀, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sì fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1896, ó ní kò burú bí ohun tí a fún ìhà méjèèjì bá ti dọ́gba. Kò dọ́gba. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì gan-an ni kọ́ọ̀ṣì wọn sábà máa ń wà, níbi tí èéfín àti ẹyin iná ti ń fẹ́ sí wọn, tí wọ́n sì lè gbé ẹrù mọ́ wọn. Bí ọkọ̀ tí ń lọ sí àríwá bá sọdá odò Ohio wọ Cairo, èrò dúdú lè dìde kí ó lọ jókòó síbi tí ó wù ú. Bí ó bá ń padà sí gúúsù, Cairo kan náà ni yóò ti dìde lọ sí kọ́ọ̀ṣì ìyàsọ́tọ̀.

Nígbà ogun àgbáyé kìn-ín-ní, àwọn aṣíwọ̀lú láti Yúróòpù kò wá mọ́, ilé ìpẹran àti ilé ìrọ irin Chicago sì ń wá òṣìṣẹ́. Ní gúúsù, kòkòrò ń jẹ òwú, àwọn jàǹdùkú sì ń so ènìyàn rọ̀ sórí igi láìsí ìdájọ́. Ìwé ìròyìn Chicago Defender tí Robert Abbott dá sílẹ̀ ní ọdún 1905 ń ké sí wọn pé kí wọ́n máa bọ̀. Ta ni ó ń gbé ìwé náà lọ sí Mississippi? Àwọn òṣìṣẹ́ dúdú tí ń tẹ́ ibùsùn ọlọ́rọ̀ nínú ọkọ̀ ni. Inú bí àwọn olóko funfun, àwọn ọlọ́pàá sì ń lé èrò kúrò ní àwọn ibùdókọ̀ kan, ṣùgbọ́n omi ti ya kọjá ìdènà. Ní ọdún 1910, nǹkan bí 44,000 ènìyàn dúdú ni ó wà ní Chicago. Ní ọdún 1960, wọ́n lé ní 812,000. Louis Armstrong bá ọ̀nà yìí lọ ní ọdún 1922, Muddy Waters ní ọdún 1943.

Àwọn tí ó lọ kò gbàgbé ilé. City of New Orleans, ọkọ̀ ọ̀sán tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1947, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wọ̀ lọ kí ẹbí. Ní oṣù Ògún ọdún 1955, ọmọdékùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan, Emmett Till, wọ̀ ọ́ ní Chicago lọ lo ìsinmi ní Mississippi. Wọ́n ní ó sọ̀rọ̀ sí obìnrin funfun kan ní ṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, àwọn ọkùnrin funfun jí i gbé lóru, wọ́n sì pa á. Ojú irin tí ó gbé e lọ ni ó gbé òkú rẹ̀ padà. Mamie Till, ìyá rẹ̀, ní kí wọ́n ṣí pósí náà sílẹ̀ kí gbogbo ayé rí ohun tí wọ́n fi ọmọ òun ṣe, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì tò kọjá níwájú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ tí kò sí ènìyàn dúdú kan nínú rẹ̀ dá àwọn méjì tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sílẹ̀. Ní ọdún 1956, àwọn méjèèjì fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́ fún ìwé ìròyìn kan pé àwọn ni àwọn pa á.

Ọjọ́ 10 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1956 kan náà ni àṣẹ ìjọba àpapọ̀ pé kí ìyàsọ́tọ̀ dópin nínú ọkọ̀ ojú irin tí ń rìn láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn mú iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, ọkọ̀ òfuurufú àti títì márosẹ̀ ti ń gba èrò lọ́wọ́ ojú irin, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gba ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń jẹ́ Amtrak gba ọkọ̀ èrò ní ọdún 1971. Ilé-iṣẹ́ Canadian National ti ilẹ̀ Kánádà ra Illinois Central fúnra rẹ̀ ní ọdún 1998. City of New Orleans ṣì ń rìn, ṣùgbọ́n òru ni ó ń rìn nísinsìnyí. Ó ṣì ń dúró ní Fulton, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ń da yìnyín sínú wágọ̀nù ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀ mọ́.