Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe àti Àyẹ̀wò Kóòdù Nínú Iṣẹ́ Linux, 1991 sí 2005

Àwọn kan gbà pé Git ni ó kọ́ àwọn akọ̀wé kóòdù ní àṣà yíyẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Èrò yìí ni bébà yìí tako, nítorí pé àṣà náà ti wà kí irinṣẹ́ tó dé.

Ní 1972 ni Marc Rochkind ti ṣe SCCS ní Bell Labs láti máa tọ́jú ẹ̀dà kóòdù. Síbẹ̀, fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí Linus Torvalds gbé Linux jáde ní 1991, kò lo irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Íméèlì ni a fi ń fi àtúnṣe ránṣẹ́. Nítorí pé ojú lásán ni a fi ń kà á, ó yẹ kí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan kéré, kí ó dá lórí ọ̀ràn kan ṣoṣo, kí ẹni tí ó kọ ọ́ sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ní 2002, Torvalds bẹ̀rẹ̀ sí í lo BitKeeper. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ ẹ, nítorí náà a ń ṣe àdàkọ kóòdù náà sínú CVS fún àwọn tí kò fẹ́. Inú àdàkọ yìí ni ẹnì kan yọ́ wọ̀ ní oṣù Kọkànlá 2003. Ìlà méjì péré ni ó fi kún un. Ẹni tí ó bá sáré kà á yóò rò pé ńṣe ni ó ń béèrè bóyá nọ́ńbà aṣàmúlò jẹ́ òdo; ṣùgbọ́n àmì "=" kan ni ó kọ síbi tí ó yẹ kí méjì wà, èyí tí ó ń sọ nọ́ńbà náà di òdo, tí ó sì ń sọ aṣàmúlò di ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ. (Ó ṣòro láti má kan sáárá sí àrékérekè náà.) Kì í ṣe ojú ọlọ́gbọ́n ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ni: àtúnṣe náà kò ní ìtàn kankan nínú BitKeeper.

Ní 2004, lẹ́yìn tí SCO ti pe IBM lẹ́jọ́ lórí Linux, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ sí ìsàlẹ̀ àtúnṣe. Nígbà tí a gba àǹfààní lílo BitKeeper lọ́fẹ̀ẹ́ padà ní 2005, Torvalds bẹ̀rẹ̀ Git ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin. Ohun tí ó wà nínú àtúnṣe àti èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ni Git fi ń sọ ọ́ lórúkọ. A kò lè yí ti àtijọ́ padà kí orúkọ má yí. Lójú tèmi, àṣà tí ó ti wà ni irinṣẹ́ náà sọ di òfin. Títí di òní, íméèlì ni wọ́n ṣì fi ń fi ọ̀pọ̀ àtúnṣe Linux ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò.