Rhyolite, Ìlú Tí Wúrà Tẹ̀ Dó

Kì í ṣe ogun ni ó tú Rhyolite, kì í sì í ṣe àjàkálẹ̀ àrùn. Ajé, a-sọ-aginjù-dọjà, a-sọ-ọjà-dahoro, ni ó tẹ̀ ẹ́ dó sí aṣálẹ̀ Nevada, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítòsí àfonífojì tí wọ́n ń pè ní Death Valley, òun náà ni ó sì tú u.

Ní oṣù Ògọ́sítì ọdún 1904 ni Shorty Harris àti Ed Cross, tí wọ́n ń wá wúrà kiri, kan òkúta aláwọ̀ ewé kan tí wúrà ta sí lára tótòtó bí ẹ̀yìn kọ̀ǹkọ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ kọ̀ǹkọ̀ pe ibẹ̀. Ènìyàn ya bò wọ́n bí eéṣú. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1907, Rhyolite tó dìde níbẹ̀ ti ní iná mànàmáná, omi ẹ̀rọ àti ọkọ̀ ojú irin, àwọn ará ibẹ̀ sì ti tó 3,500 sí 5,000.

Ilé méjì ni ọkàn mi kì í kúrò lára wọn. Èkíní ni báńkì John S. Cook, alájà mẹ́ta, tí a kọ́ parí ní ọdún 1908 pẹ̀lú nǹkan bí 90,000 dọ́là, tí a sì ti Ítálì kó mábù àtẹ̀gùn rẹ̀ wá. Èkejì ni ti Tom Kelly, ẹni tí ó rí i pé igi ìkọ́lé ṣọ̀wọ́n ní aginjù ṣùgbọ́n tí ìgò ọtí kún ẹ̀yìnkùlé gbogbo, tí ó sì to nǹkan bí 50,000 ìgò òfìfo sínú amọ̀ títí ó fi di ilé.

Wúrà kì í ṣe iṣu tí a ó gé orí rẹ̀ gbìn. Èyí tó dára tán nínú ilẹ̀, ọ̀dá owó ọdún 1907 sì dé bá wọn. Nígbà tí wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ ńlá wọn ní ọdún 1909, àwọn òbí ti ń di ẹrù. Ní ọdún 1911 wọ́n ti ihò ìwakùsà wúrà Montgomery Shoshone, ní 1916 wọ́n gé iná. Iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Rhyolite kú, àwọn ará Beatty, ìlú tó wà nítòsí, sì wá tú pákó rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1925, àwọn onísinimá Paramount tún ilé ìgò ṣe, ó sì wà níbẹ̀ tòrùlétòrùlé dòní. Ògiri báńkì náà ṣì ga, ṣùgbọ́n oòrùn ń gba ojú fèrèsé kan wọlé, ó ń gba òmíràn jáde.