Ìfẹ́ Nígbà Ogun Kírìjì: Èrò Wa Lórí Ìwé Ìfẹ́ Àtijọ́ àti Ti Ayé Àwọn Iwin

Nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọyẹ́ àti ní Ìkọ̀lé, bí iná bá lọ lálẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń kà lórí fóònù kì í ṣe nóòtì kíláàsì. Ìwé ìfẹ́ ni. Ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ojú rẹ̀ le koko pàdé ọmọ tálákà níbi ijó, ọkàn rẹ̀ sì yọ́. Tàbí kí ó jẹ́ jagunjagun kan tó ń gun ẹranko abìyẹ́ tó ń yọ iná lẹ́nu, tí ọmọ ọ̀tá rẹ̀ wá wù ú fẹ́. À ń kà á, a sì ń gbádùn rẹ̀. A ò ní purọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn kan ti wà láàárín wa láti sáà tó kọjá. Àwọn kan nínú wa ní ó yẹ kí ẹnì kan kọ ìwé ìfẹ́ tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Èkìtì nígbà ogun Kírìjì. Àwọn yòókù ní ogun tí wọ́n fi kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń tẹ́ ibùsùn ìfẹ́ sí. A ti jà á dé ibi kan, ẹ jẹ́ ká rò ó fún yín.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ Kírìjì, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ mú kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá ní Yorùbá kò ní ìwé ìfẹ́ tó kún fún iwin àti àràmàǹdà kò tíì ka Fágúnwà tó. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tó jáde ní 1938, ni gbogbo wa mọ̀, ìjà àti ẹbọra ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú Ìrèké Oníbùdó (1949), kí ẹ wo ọ̀rọ̀ òun àti Ìfẹ́pàdé. Ẹ tún mú Àdììtú Olódùmarè (1961), kí ẹ fara balẹ̀ ka lẹ́tà tí Àdììtú àti Iyùnadé ń kọ síra wọn. Lẹ́tà náà gùn, ó dùn jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kán bí oyin. Bí ọmọkùnrin kan bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp lónìí, ẹ̀rín ni a óò fi pa á. Síbẹ̀ ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í rí nínú púpọ̀ nínú àwọn ìwé òyìnbó tí à ń kà lórí fóònù: obìnrin náà mú kálàmù, ó dá èsì padà. Ó ní ẹnu. Àléébù Fágúnwà ni pé tíṣà ni, kò sì gbàgbé bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìfẹ́ bá ti fẹ́ gbóná ni ìwàásù ti ń wọlé. Ẹ fojú fò ó, kò sí ẹni tó máa mú yín.

Láyé òde òní, Tomi Adeyemi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, kọ Children of Blood and Bone ní 2018, ìwé náà sì tà káàkiri ayé. Ó sọ orúkọ ìjọba inú rẹ̀ ní Òrìṣà, ó sì fi orúkọ àwọn ìlú wa sínú rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí nígbà tí a rí i pé Ìlọrin di abúlé apẹja tó léfòó sójú omi òkun. Àwọn ọmọ Ìlọrin tó wà láàárín wa kò tíì dákẹ́ títí dòní. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ náà ni o, torí ayé iwin ni ó dá sílẹ̀, kò sì ní kó wa lọ sílé ẹjọ́ nítorí máàpù. Ohun tó kọ wá lóminú ni ti Zélie àti Inan. Ọba tó pa ìyá Zélie àti àwọn adáhunṣe yòókù ni bàbá Inan, síbẹ̀ ìfẹ́ dé láàárín àwọn méjèèjì, ó sì yá ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ẹni kì í gbẹ lójú ewé mélòó kan. A gbà pé Adeyemi mọ èyí, torí kò jẹ́ kí ìfẹ́ náà rọrùn títí dé òpin. Ṣùgbọ́n ohun tó mú wa bínú níbẹ̀ ni ó padà dé bá wa nígbà tí a dé ìtàn gidi.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tó jáde ní 1970. Eré orí ìtàgé ni, ẹnikẹ́ni kò sì ní pè é ní ìwé ìfẹ́, àmọ́ ìfẹ́ ni ó fi di ọkàn wa mú: Ìtáwuyì àti Adétutù, ẹrú méjì nílé obìnrin tó ti pàṣẹ pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Oyún dé. Gbogbo wa ló ti sunkún fún Adétutù. Nígbà tí Látòósà wá gbá Ìyálóde mú, a pàtẹ́wọ́.

Ta ni a pàtẹ́wọ́ fún? Ẹfúnṣetán tí inú ìtàn jẹ́ Ìyálóde Ìbàdàn, oníṣòwò ńlá tó ń fún àwọn olóyè ogun ní ìbọn àti ẹ̀tù ní àwìn. Òun àti Látòósà kò gbọ́ra wọn yé lórí ọ̀rọ̀ ogun àti gbèsè. Ní 1874, Látòósà yọ ọ́ lóyè, nígbà tó sì di oṣù mélòó kan, wọ́n lo àwọn ẹrú rẹ̀ láti pa á lóru. Nínú eré, májèlé ni ó mu fúnra rẹ̀. Ẹ rí i bí ìyàtọ̀ náà ti tó: ikú tí olóṣèlú fi ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe ti di ikú tí ìkà fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà. Ìfẹ́ Ìtáwuyì àti Adétutù ló jẹ́ kí a gba èyí mì láìjẹ. Ó sì kù síbì kan. Látòósà yìí kan náà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni olórí ogun Ìbàdàn tí Èkìtìparapọ̀ dojú kọ ní Kírìjì. Inú àgọ́ ogun náà ló kú sí ní 1885. Àwa ọmọ Èkìtì jókòó nínú kíláàsì, à ń pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin tí àwọn baba ńlá wa gbé ìbọn sí, nítorí pé ó gbẹ̀san oyún kan tí òǹkọ̀wé ronú kàn. A kò sọ pé eré náà kò dára. Ó dára gan-an, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi léwu.

Ogun Kírìjì fúnra rẹ̀ ń jẹ́ sísọ bí ìtàn ìfẹ́. Bí a ṣe sábà máa ń gbọ́ ọ ni pé ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn kan ní Òkè-Ìmẹ̀sí, Oyèpẹ̀tun, jẹ́ kí wọ́n dójú ti ìyàwó Fábùnmi. Fábùnmi fi idà dáhùn, ó pa ajẹ́lẹ̀, ogun bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1878. Ìtàn náà dùn. Ó ní akọni, ó ní ọ̀tá, ó ní obìnrin. Àmọ́ ẹ bi ẹni tó ń sọ ọ́ pé kí ni orúkọ obìnrin náà, kí ni ó sọ, kí ni ó ṣe lẹ́yìn ọjọ́ náà. Èsì rẹ̀ kì í sábà wá. Òun ni ìdí ogun, kò sì ní ẹnu bíi ti Iyùnadé. Ohun tó tún wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ajẹ́lẹ̀ tó ń jẹ àwọn ìlú run, àti àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó lọ sí oko Ìbàdàn. Bí idà Fábùnmi kò bá tilẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà, ọ̀bẹ mìíràn ì bá jáde.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wa ti le. Ọ̀kan nínú wa ti ní ìwé lọ́kàn: ọmọbìnrin kan láti Ìkọ̀lé, tí wọ́n kó lójú ogun, dé ilé olóògun kan ní Ìbàdàn, ó sì di ìyá ọmọ níbẹ̀. Kì í ṣe àlá. Ọ̀pọ̀ agbolé Ìbàdàn ló ní ìyá ńlá tó wá láti Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà. Ohun tí a kò fọwọ́ sí ni pé kí ìwé náà parí pẹ̀lú pé ọkùnrin yẹn ní ojú ẹyinjú, pé ó ṣàánú, pé ọmọbìnrin náà fẹ́ ẹ tọkàntọkàn. Ẹni tí kò lè sọ pé rárá kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Nínú àwọn ìwé òyìnbó, ajalèlókun àti ìgbèkùn rẹ̀ máa ń di ọkọ àti aya lójú ewé tó gbẹ̀yìn, a sì máa ń gbà á torí pé kì í ṣe ìyá tiwa ni ìgbèkùn náà. Èyí jẹ́ ìyá tiwa. Ẹgbẹ́ kejì dá wa lóhùn pé bí a bá ní kò lè sí ìfẹ́ kankan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, a tún ti gba ohun kan lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà: ọgbọ́n, ẹ̀rín, ìfẹ́ ọmọ, bóyá ọkùnrin kan tó jẹ́ ẹrú bíi tirẹ̀ tó ń fi ẹ̀ka èdè ilé bá a sọ̀rọ̀ lóko. Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ wá létí. Ìtáwuyì àti Adétutù, láìsí Látòósà akọni. Ìyẹn la lè kà.

Ohun tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni ibi tí ìwé náà ì bá ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń sá tọ Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ìgbájọ, níbi tí ìró ìbọn ti dún kírìjì kírìjì. Àríwá Èkìtì wà níhìn-ín tí ẹnì kan kò kọ ọ́. Ayédé, tí kò jìnnà sí Ọyẹ́, kì í ṣe ìlú àtọdúnmọ́dún. Nígbà tí àwọn Tápà da Iye rú ní nǹkan bí 1845, balógun kan tó ń jẹ́ Èṣùbíyì kó àwọn asásálà jọ, ó tẹ ìlú tuntun dó, ó sì jọba lé e lórí. Ẹ wò ó ná: ìlú tó jẹ́ àpapọ̀ àwọn tó pàdánù ilé, àwọn tí òrìṣà wọn yàtọ̀ síra, tí ahọ́n wọn kò dọ́gba, tí olóògun kan sì ń gbé Yemọja wọ inú rẹ̀. Ta ló ń fẹ́ ta nínú ìlú bẹ́ẹ̀? Ta ni yóò gba owó orí ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ kú lójú ogun? Èdè wo ni ọkọ àti ìyàwó yóò fi jà lóru? Kò sí iwin tó lè ṣe àràmàǹdà ju èyí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí òǹkọ̀wé bá fẹ́ fi iwin kan tàbí méjì sí i, a ò ní bá a jà.

Ẹni tó ní ìbẹ̀rẹ̀ nínú yín, kódà ojú ewé mẹ́ta péré, kí ó fi ránṣẹ́ sí wa kí sáà yìí tó parí. Kí ó fi ẹ̀ka èdè Ìkọ̀lé tàbí Ìdó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀ bó bá wù ú, a óò rí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ Ìlọrin.