Oúnjẹ Ọ̀fẹ́ Tí Ìtìjú Kò Jẹ́ Kí Ọmọ Jẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìjọba káàkiri ayé fi ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní oúnjẹ ọ̀fẹ́ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òwe kejì yìí ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ohun kan tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu nínú ìtàn oúnjẹ ilé ìwé: pé a lè se oúnjẹ, kí a gbé e kalẹ̀, kí a ní kí ọmọ má san kọ́bọ̀, síbẹ̀ kí ọmọ tí ebi ń pa má wá jẹ ẹ́. Èrò mi ni pé bí a bá fẹ́ kí ọmọ púpọ̀ jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a yọ ìtìjú kúrò nídìí rẹ̀.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìtàn yìí ti hàn gbangba. Ní oṣù kẹfà ọdún 1946, Ààrẹ Harry Truman fọwọ́ sí òfin oúnjẹ ọ̀sán nílé ìwé. Òfin náà ní kí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lágbára jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú, ó sì kà á léèwọ̀ pé kí ilé ìwé ya irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Lórí ìwé, òfin náà dára. Ṣùgbọ́n owó tí ìjọba ń fi sílẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀fẹ́ kò tó, ọwọ́ àwọn aláṣẹ àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló sì wà láti sọ ẹni tó jẹ́ tálákà.

Ní ọdún 1968, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin márùn-ún para pọ̀ ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Kristẹni, ti Júù àti ti adúláwọ̀ wà nínú wọn. Jean Fairfax, obìnrin adúláwọ̀ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ló ṣáájú wọn. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ń jẹ́ Their Daily Bread. Wọ́n rí i pé nínú nǹkan bí ọmọ mílíọ̀nù 50 tó wà nílé ìwé ìjọba, àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ tàbí ti owó pọ́ọ́kú kò tó mílíọ̀nù 2. Ní àwọn ibì kan, tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fún ọmọ tálákà. Ní ibòmíràn, ìlà tiwọn lọ́tọ̀ ni wọ́n ń tò sí. Gbogbo kíláàsì ló mọ ẹni tí baba rẹ̀ kò lówó. Ọ̀pọ̀ ọmọ wá yàn láti fara mọ́ ebi.

Ní oṣù kìíní ọdún 1969, ẹgbẹ́ Black Panther bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní oúnjẹ àárọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan nílùú Oakland, ní ìpínlẹ̀ California. Wọn kò ní kí òbí mú ẹ̀rí wá pé tálákà ni òun. Ọmọ tó bá ti dé, ó jókòó, ó jẹun, ó gba ilé ìwé lọ. Kí ọdún náà tó parí, ètò yìí ti dé ọ̀pọ̀ ìlú ńlá.

Ní ọdún 1970, Amẹ́ríkà tún òfin rẹ̀ ṣe. Òfin tuntun náà sọ irú owó tó ń wọlé fún òbí tí ọmọ rẹ̀ yóò fi jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ka tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọ̀tọ̀ àti kíka orúkọ síta léèwọ̀. Lọ́dún náà, ọmọ bíi mílíọ̀nù 4.6 ló ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1975, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 9.

Síbẹ̀, fọ́ọ̀mù ṣì wà níbẹ̀. Òbí mìíràn kò mọ̀ ọ́n kún, òmíràn kò sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò ní. Òfin ọdún 2010 ló wá fún ilé ìwé tí àwọn aláìní pọ̀ níbẹ̀ láyè láti bọ́ gbogbo ọmọ láì gba fọ́ọ̀mù kankan, ètò náà sì kárí orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 2014. Àwọn ilé ìwé kan tún gbé oúnjẹ àárọ̀ wọ inú kíláàsì lẹ́yìn tí agogo bá ti lù, kí gbogbo wọn lè jọ jẹ ẹ́. Iye ọmọ tó ń jẹun sì pọ̀ sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó lásán ni mò ń sọ. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó máa ń sọ pé òun ń gbààwẹ̀ bí àkókò ìsinmi bá ti tó. Ààwẹ̀ náà kò bá ti Mùsùlùmí mu, kò sì bá ti Kristẹni mu. Ìgbà tí owó bá tán nílé wọn ló máa ń bọ́ sí. Bí wọ́n bá ní kí ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ jáde síwájú ní àsẹ́ńbìlì, ó dá mi lójú pé kò ní jáde. Bí wọ́n bá sì gbé abọ́ síwájú gbogbo wa, yóò jẹ ẹ́ tán.

Nílẹ̀ Yorùbá, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti fi èyí hàn. Ọdún 2006 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ilé ìwé, wọn kò sì jẹ́ kó kú bó ti kú ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Ní ọdún 2012, Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá tún un gbé dìde, wọ́n sì sọ ọ́ ní O'Meals. Gbogbo ọmọ kíláàsì 1 sí 4 nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ló ń jẹun, wọ́n lé ní 250,000, àwọn obìnrin tó lé ní 3,000 ló sì ń se oúnjẹ náà. Ẹnikẹ́ni kò bi ọmọ léèrè pé iṣẹ́ kí ni baba rẹ̀ ń ṣe. Iye ọmọ tí wọ́n ń mú wá sílé ìwé sì pọ̀ sí i. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2016, gbogbo ọmọ kíláàsì 1 sí 3 ni wọ́n ní kó jẹ ẹ́.

Àwọn kan yóò béèrè pé, kí ló dé tí a ó fi fi owó ìjọba bọ́ ọmọ olówó? Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n yíya olówó sọ́tọ̀ kúrò lára tálákà ń ná owó pẹ̀lú: a ó tẹ fọ́ọ̀mù, a ó gba òṣìṣẹ́ tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó burú jù ni pé ọmọ tí a torí rẹ̀ ṣe ìyàsọ́tọ̀ náà gan-an ni yóò sá lọ. Ẹ rántí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955. Wọn kò ní kí tálákà wá forúkọ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ti gbogbo ọmọ ni. Láti 456,600 ní ọdún 1954, àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di 811,432 ní ọdún 1955.

Nítorí náà, mo rọ ìjọba pé bí wọ́n bá fẹ́ mú oúnjẹ ọ̀fẹ́ dé kíláàsì òkè àti ilé ìwé girama, kí wọ́n má ṣe fi fọ́ọ̀mù àìní ṣe ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí ẹ má ṣe pe orúkọ ẹni tí yóò jẹ àti ẹni tí kò ní jẹ síta. Ẹ̀yin òbí tó rí jájẹ, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín náà jẹ nínú rẹ̀, nítorí bí ọmọ yín bá jókòó tì í, ọmọ aládùúgbò yín kò ní tijú láti jókòó.