Ilé La Ti Í Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìtàn Tó Wà Nínú Yẹ́lò Káàdì

Ẹni tó bá dúró ní Ìyànà Iyesi mọ̀ pé ọ̀nà tó gba iwájú àwọn iléeṣẹ́ Ọ̀tà kọjá yìí náà ló ń lọ sí ẹnubodè Ìdírókò, tó sì wọ ilẹ̀ Benin. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ wa ń gba ọ̀nà yìí, tàbí ti pápákọ̀ òfurufú Èkó, jáde kúrò nílé. Òwò ló ń gbé àwọn kan lọ, ẹ̀kọ́ ló ń gbé àwọn mìíràn. Àwọn kan sì wà tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn láti lọ ran ọmọ aráyé lọ́wọ́. Láti 1987 ni Nàìjíríà ti dá ètò Technical Aid Corps sílẹ̀, tó ń rán àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ wa lọ fún ọdún méjì-méjì sí ilẹ̀ bíi Gambia, Jamaica àti Fiji. Irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀, àti àwọn òbí wọn, la fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Bí a bá bi púpọ̀ nínú wọn léèrè ìmúra tí wọ́n ṣe ní ti ìlera, ohun tí wọn yóò sọ ni pé, "Mo ti ní yẹ́lò káàdì." Bí a bá tún bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Káàdì ni wọ́n rà, wọn kò gba abẹ́rẹ́ kankan. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ ohun tí káàdì yìí ná àwọn tó ṣáájú wa.

Nítorí ibà apọ́njú ni káàdì náà ṣe wà. Ẹ̀fọn ló ń gbé àrùn yìí kiri. Ní 1925, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà gbé ilé ìwádìí kalẹ̀ sí Yábàá, l'Ékòó, láti wá ìdí rẹ̀. Arìnrìn-àjò òkè òkun ni àwọn dókítà tó wá, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí a ń rán lọ lónìí, ṣùgbọ́n kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún wọn nígbà náà. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana òde òní, wọ́n sì fi sí ọ̀bọ lára. Ara Asibi yá. Ọ̀bọ náà kú. Báyìí ni ọwọ́ tẹ kòkòrò àrùn náà. Adrian Stokes, ọmọ ilẹ̀ Ireland, tó wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí, kó àrùn náà, ó sì kú l'Ékòó ní 19 September 1927. Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan, kú ní Accra ní 21 May 1928. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí William Young, ará Britain tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, náà fi tẹ̀ lé e.

Kòkòrò tí wọ́n rí lára Asibi yìí ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́jú ní New York títí agbára ìpani rẹ̀ fi rọ̀. Òun ni wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1937, Theiler sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ Áfíríkà, àti ẹ̀mí àwọn àlejò, ló wà nídìí káàdì tí àwọn kan ń rà bí ẹni ra búrẹ́dì.

Ẹ̀rí ni káàdì jẹ́ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ nínú ara. Bí nǹkan ọ̀hún kò bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀rí èké ni. Òṣìṣẹ́ ẹnubodè lè gbà á, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kò mọ̀wé kà. Ní March 2012, South Africa dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà, wọ́n ní káàdì wọn kì í ṣe ojúlówó. Wọ́n tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra káàdì ló ṣílẹ̀kùn ìfura sílẹ̀ fún olóòótọ́. Ní September 2017, ibà apọ́njú tún yọjú ní ìpínlẹ̀ Kwara. Nítorí náà, ẹni tó ń lọ ran ènìyàn lọ́wọ́ láìgba abẹ́rẹ́ lè jẹ́ ẹni tí yóò gbé àrùn lọ bá wọn.

Ẹlòmíràn á ní òun ti fi ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà ní ilẹ̀ Ṣáámù, ó dá àwọn ènìyàn rẹ̀ padà lójú ọ̀nà. Ta ni nínú wa ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ ju ti Umar lọ?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti ìlera yín fún un. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà lọ́dọ̀ àwọn elétò ìlera ìjọba, ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìn-àjò. Láti July 2016, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni lójú òfin àgbáyé. Ẹ béèrè àwọn abẹ́rẹ́ mìíràn tí ilẹ̀ náà ń fẹ́. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa tó lọ bá Ebola jà ní Liberia àti Sierra Leone ní December 2014 gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Wọn kò dé ojú ogun kí wọ́n tó máa wá apata.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ṣe àdúà ìdágbére fún ọmọ, ẹ bi í léèrè: abẹ́rẹ́ ńkọ́? Kí Ọlọ́hun kó gbogbo wọn lọ, kó sì kó wọn bọ̀ ní àlàáfíà. Àmín.