Dúró àti Retí nínú Ìtàn Gbígba Ímeèlì

Ìbéèrè mi ni pé: ọ̀rọ̀-ìṣe wo ló yẹ ká fi túmọ̀ await, 'dúró' ni tàbí 'retí'? Ìtàn lè dáhùn.

Nínú ìlànà POP ti 1984, kọ̀ǹpútà wa á béèrè lọ́wọ́ sáfà tó ń tọ́jú lẹ́tà, á dúró gba èsì, kó tó béèrè òmíràn. Ní 1986, Mark Crispin ṣe IMAP ní Yunifásítì Stanford. Àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, bíi A001. Èsì ìparí á gbé àmì náà padà, a ó sì mọ àṣẹ tó ni ín. Àṣẹ IDLE dé ní 1997: sáfà fúnra rẹ̀ wá ń kéde lẹ́tà tuntun. Ní 2015, Python 3.5 sọ await di ara gírámà rẹ̀. Iṣẹ́ tó bá kan await á sinmi, ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ yòókù nínú ètò náà ń lọ.

Ẹni tó wà ní Kpankou, nílẹ̀ Kétu, tó ń retí ẹrù láti Kútọnu lè máa ro oko rẹ̀ lọ. Ẹni tó dúró dè é létí títì kò lè ro ó. Gírámà náà gbè é: 'retí' ń gba àbọ̀ tààrà, bíi await, 'dúró' ń fẹ́ 'de'. Bí a bá kọ 'dúró', akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé gbogbo ètò ló dákẹ́. 'Retí' ni mo fara mọ́.